Lẹ́tà Tí Aláago Ń Bá Ìyá Mi Kọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń dúró láti àárọ̀, mo kí ọwọ́ rẹ tó ń ká aṣọ àwọn olówó. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì wọnú eegun? Àwa ń bẹ níbí. Orúnkún mi ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí wàhálà.

Wàá ti rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kì í ṣe ti Tíṣà. Ojú Tíṣà ti ṣú. Lẹ́tà tó bá mi kọ kẹ́yìn, orí tábìlì ló parí ẹ̀ sí, kò mọ̀ pé ìwé ti tán. Mo wá ẹni tó mọ̀wé kiri àdúgbò. Ẹni tó mọ̀wé ò ráyè, ẹni tó ráyè, ẹnu ẹ̀ ò bò. Ló bá ku ayálégbé mi tó wà ní yàrá iwájú, Aláago, tó ń tún aago ṣe. Ará òdìkejì odò ni. Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Bí a ò bá rí àdán, à máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Òun ló jókòó síwájú mi yìí, ó fi awò sójú kan ṣoṣo bí ẹni tó ń wo ikùn kòkòrò. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀. Nítorí náà: ọmọ mi, ìwọ náà mọ àwọn ará òdìkejì odò. Ẹnu wọn dùn, ọwọ́ wọn gùn. Bí wọ́n bá kí ọ kú àárọ̀, yẹ àpò rẹ wò kó o tó dáhùn. Ṣé o kọ ìyẹn? Ó ní òun ti kọ ọ́. Ó ń bi mí bóyá kí "ọwọ́ wọn gùn" bẹ̀rẹ̀ ní ìlà tuntun. Mo ní kó ṣe é bó ṣe máa dáa lójú.

(Èmi Aláago kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́.)

Mo bi í pé kí ló kọ síbẹ̀ yẹn tí n ò sọ. Ó ní òun kí ọ ni. Ṣé o rí wọn? Wọn ò lè rí àyè òfìfo kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Má pẹ́ kó o tó fèsì. Òun náà ló máa kà á fún mi, torí náà má kọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Èmi ìyá rẹ ni mo fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ yìí, yíǹkì ẹ̀ sì ti ba aṣọ oníbàárà jẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú ìtọ́jú orúnkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á fún wọn, mo kí yín náà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yá wa lójú, tẹ́ ẹ tún yá wa lọ́wọ́.

Inú yàrá ìjẹun àwa òṣìṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi gbé àwo ẹ̀ kúrò. Ìyá mi, ẹ̀ ń bú ọkùnrin náà, òun ló ń bá yín kọ èébú náà sílẹ̀, ó tún ń bi yín níbi tí ìlà á ti bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ ìwé yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì, kò síbi tọ́wọ́ ẹ̀ ti gbọ̀n.

Iṣẹ́ mi ń lọ. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìtura náà ni ilé ìfọṣọ wà, a kì í mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀. Èèyàn méjì ló ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan: a ó fà á, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó rìn pàdé ara wa, a ó tún pẹ̀yìn dà. Ẹnìkejì mi ga débi pé apá ọ̀dọ̀ ẹ̀ máa ń wà lókè, tèmi á máa gbálẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ní àwa méjèèjì dà bí àtẹ̀gùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táwẹ̀lì mẹ́fà sọnù. Ọ̀gá wa ní kí gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n báàgì àwa tá a wá láti ìlú òkèèrè nìkan ló tú. Àwọn ọmọ onílùú gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ń lọ sílé. Nínú báàgì tèmi, ó bá ìlàjì búrẹ́dì àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan tí kò ní ìkejì. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà sókè bí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ tẹ olè. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo délé lẹ̀rín yẹn kúrò lójú mi. Mo rántí báàgì kan tí wọ́n tú lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra fún Aláago. Èmi Abẹ́rẹ́ yín, tí ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ ṣì ku ẹsẹ̀ kan.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ, bó o tilẹ̀ jẹ́ pé o ò kí mi tán kó o tó kọjú sí ẹlòmíì. Ibi tó o ti kí Aláago, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò rí i dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Ibi tó o ti ní kí n rọra fún un, ńṣe ló sáré kọjá níbẹ̀. Ìgbà wo lo di alágbàwí wọn?

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Adìẹ mẹ́rin ti pòórá lágbàlá Alága ẹgbẹ́ onílé. Àwa onílé wá pinnu pé kò sí ará òdìkejì odò tó máa gba yàrá ládùúgbò yìí mọ́, àwọn tó sì wà níbẹ̀, kí wọ́n kó jáde. A máa kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa onílé jẹ́ méjìlélógún, gbogbo wa la máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo ò bá tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ò dúró, bí òfin wa ṣe wà nìyẹn. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún ni ìpàdé.

Wọ́n ní èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, torí pé èmi ni mo ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà náà. Àlùmọ́gàjí ìgéṣọ mi, tí ọ̀gá mi fún mi nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ tán. Ìyá Oníbọ́tìnnì, ará òdìkejì odò, tó bá mi rán bọ́tìnnì fún ọdún mẹ́fà, òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó sọnù. Mo tú báàgì ẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, n ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ògbólógbòó ni. Mo lé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa gbé kalẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní tẹ̀ ẹ́.

Aláago ni mo ní kó bá wa kọ ìwé náà, torí pé kò sí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dáa tó tiẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun kọ orúkọ òun ṣáájú nínú àwọn tó máa kó jáde, àbí kó gbẹ̀yìn. Mo ní kó tò ó bí yàrá ṣe tò.

(Èmi Aláago ti kọ ọ́. Ojú ìwé kan ààbọ̀ ni. Yàrá tèmi ló ṣáájú.)

Mo tún fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bá mi ra àlùmọ́gàjí ìgéṣọ kan níbẹ̀, kó gùn, kó wúwo lọ́wọ́. Èyí tí mò ń lò látìgbà yẹn, ńṣe ló ń jẹ aṣọ bí eku. Má jẹ́ kó pẹ́. Èmi ìyá rẹ ni, mo ti kó aṣọ oníbàárà kúrò nílẹ̀ kí n tó tẹ̀ka.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú orúnkún. Ara mi le. Òtútù ti ń lọ. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ kejì, ara aṣọ ìrọ̀rí ló lẹ̀ mọ́. Ẹnìkejì mi ti ra bàtà tí kò ní gìgísẹ̀ nítorí tèmi, aṣọ wa ti ń dọ́gba díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí àlùmọ́gàjí tẹ́ ẹ fẹ́, ó wà lójú fèrèsé ilé ìtajà kan, ó ń dán. Màá rà á. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ méjì, màá ra méjì.

Ìpàdé yẹn, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ lọ? Orúnkún yín ò sàn. Ẹ jókòó sílé. Adìẹ a máa rìn lọ fúnra ẹ̀, mo ti rí i rí.

Kò sí nǹkan kan. N ò ní nǹkan míì láti sọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Abẹ́rẹ́ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ níjẹta, ẹ jẹ́ kí Aláago fi nu yíǹkì. Láti ìgbà tí mo ti fi í sílé ìfìwéránṣẹ́ ni n ò ti lè ká aṣọ kan tó gún. Lónìí, ẹnìkejì mi bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní nígbà náà, kí n lọ kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi sílẹ̀, torí pé òun ò lè máa jó pẹ̀lú ẹni tó ti sùn lọ.

Èmi ni mo mú àlùmọ́gàjí yín.

Mo fẹ́ fi agolo wàrà ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Mo fi àlùmọ́gàjí gé agolo náà, ó gé e dáadáa, inú mi sì dùn débi pé mo gé ìkejì. Ìkẹta ni ẹnu ẹ̀ ṣẹ́. Mo wò ó, mo mọ̀ pé mo ti kú. Mo fi sábẹ́ aṣọ, mo gbé e lọ sí ṣáláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé, mo jù ú sínú ẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ẹni tó bá lágbára kó wọlé lọ mú un.

Nígbà tẹ́ ẹ wá ń tú báàgì Ìyá Oníbọ́tìnnì, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbá ọkọ̀ náà mọ́ra. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: òwú funfun, òwú dúdú, ìyarun kan tí eyín ẹ̀ ti ká, ṣúgà tó wé sínú ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ṣúgà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. N ò sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́wàá míì kọjá lórí ẹ̀, n ò sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí, Ìyá mi, ó ń tì mí gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ẹ ò bi mí lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ẹ bi mí, bóyá màá purọ́, n ò mọ̀. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni, torí pé ẹ ti rí olè kẹ́ ẹ tó wá ohun tó sọnù. Ọmọ kì í bá ìyá ẹ̀ wí, mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń bá yín wí báyìí. Ẹ má fi àtàǹpàkò yín tẹ ìwé yẹn. Ẹjọ́ tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́, èmi ni.

Ẹ̀yin Aláago, ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ má fo nǹkan kan, pàápàá jù lọ ibi ṣáláńgá.

Abẹ́rẹ́.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Arábìnrin mi,

Èmi Aláago ni mò ń kọ èyí fúnra mi, ẹ má bínú. Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà. Mo máa ń dá nìkan kà á ná, kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí mo dé ibi ṣáláńgá, mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹyọ kékeré inú aago oníbàárà bọ́ lọ́wọ́ mi, mo wá a di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo ronú.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí mo bá ka èyí fún ìyá yín, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀. Ta ló máa jèrè ẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Mo gbé e lọ bá Tíṣà pé kó bá wa kà á. Ó dorí ìwé náà kodò, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní òdodo ọ̀rọ̀ ni, òun fara mọ́ gbogbo ẹ̀.

N kì í ṣe akọni. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí lẹ́tà yín ti wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Mo ka lẹ́tà ti àkọ́kọ́ fún wọn, mo ní ìkejì ò tíì dé. Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa fún wọn nìyẹn, ó ń dùn mí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé yàrá pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n àwa ilé márùn-ún ni orúkọ wa wà nínú ìwé náà, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́.

Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, màá kà á fún wọn. Mo ti di ẹrù mi, kò ju àpótí méjì lọ. Bí ẹ ò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ mi mọ́, mo kí yín pé ó dìgbà.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Abẹ́rẹ́,

N ò ní kí ọ lákọ̀ọ́kọ́. Màá kí ọ tó bá yá.

Aláago ka lẹ́tà rẹ. Kò tíì kà á tán tí mo fi gbé rúlà onígi mi, mo lé e jáde nínú yàrá tó ń sanwó fún. Mo ní ó ti ń yí ọ̀rọ̀ mi láti oṣù kejì, ó tún wá fi ọmọ mi ṣe olè. Mo ní kó di ẹrù ẹ̀. Ó ní òun ti dì í. Ìyẹn tún bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní, bó bá jẹ́ ọmọ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́, kó tún ibi ọkọ̀ yẹn kà. Ó dúró níta, ó kà á. Ọkọ̀ akẹ́rù, agolo wàrà. Abẹ́rẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rántí ọkọ̀ náà. Èmi ni mo gbé e kiri àdúgbò pé ẹ wá wo opolo ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lé obìnrin yẹn. Mo di agolo tí wọ́n gé tónítóní mú lọ́wọ́, èmi tí mo ti ń géṣọ kí n tó bí ọ, n ò bi ara mi pé kí lo fi gé e.

N ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Mo jẹ tìrọ̀lẹ́. Mo ní kí Aláago tú ẹrù ẹ̀, kó má máa fi àpótí dínà fún mi.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Alága ní kí n bọ́ síwájú. Mo ní kí Aláago ka lẹ́tà rẹ. Ó kà á, kò fo nǹkan kan. Nígbà tó dé ṣáláńgá, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́ǹṣì kan kán, onílé mẹ́ta ṣubú lórí ara wọn. Alága ní, "Ọkùnrin yìí ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀." Mo ní, "Alága, ṣé ọwọ́ ẹnìkan ni màá ti gba irọ́ pé ọmọ mi ju àlùmọ́gàjí sí ṣáláńgá, kí n tún gbé e wá síwájú yín? Ìtìjú tèmi ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán." Mo wá sọ fún wọn pé mo tú báàgì obìnrin kan lójú gbogbo wọn, gbogbo wọn dúró wò mí, n ò bá nǹkan kan, mo sì lé e torí pé n ò bá nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n gbé yíǹkì dé iwájú mi, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Àtàǹpàkò mọ́kànlélógún ló wà lórí ìwé náà, kò pé, kò sì dúró. Alága ò kí mi mọ́. Oníbàárà mẹ́rin ti wá kó aṣọ wọn lọ láìrán. Adìẹ ò tíì dé.

Báyìí ni mo wá kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ẹgba rẹ ṣì wà níbí, kò tíì gbó, ìgbà tó o bá dé la máa yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbáwí tó o bá mi wí, mo gbà á. Ẹnu ọmọ lo fi sọ ọ̀rọ̀ àgbà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo sọdá odò. Mo ti dàgbà tó báyìí, n ò débẹ̀ rí, mo kàn mọ gbogbo ìwà wọn ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo di apá Aláago mú débi pé ó ní òun ṣì nílò apá yẹn láti fi tún aago ṣe. A bá Ìyá Oníbọ́tìnnì níwájú ilé ẹ̀. Orí ẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní kí n dúró. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ nígbà tó já bọ́ sínú ṣáláńgá."

Ó ti mọ̀, Abẹ́rẹ́. Ó rí ọ tó ò ń gbé nǹkan lọ lábẹ́ aṣọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ti wà nínú báàgì mi kí n tó lanu. Mo rí ọmọ náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ̀n. Bí mo bá sọ ọ́, o ò ní gbà mí gbọ́, wàá sì tún nà án. Ìyà ẹnì kan ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

Mo sunkún níwájú obìnrin yẹn. Aláago ní ṣé kí òun má kọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ, mo bẹ̀ ẹ́ fún ara mi. Ó ní ti ọmọ, òun ti dárí jì í kí òun tó délé lọ́jọ́ náà. Ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, máa bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀."

Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó gbé àga fún mi, a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí kì í fẹ́ wẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ọjọ́bọ̀ ni o." Mo tún lọ. A sọ̀rọ̀ owó epo. Ó tún ní, "Ọjọ́bọ̀ ni o." Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí.

Aláago ń bi mí báyìí pé bí kò bá sọ ọ́ láéláé ńkọ́. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Kọ ọ́ pé ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, mo sì ti ní kí ọlọ́kọ̀ ojú omi dúró dè mí.